Kọ́bọ́ọ̀dù onídígí nínú ilé ìdáná: káfíńtà ń retí owó lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni mo gbé wá.

Ilé wa ní Akóbọ̀, ní Ìbàdàn, la ń tún ṣe. Wọ́n ti lẹ táìlì, wọ́n ti fa omi, ó ku kọ́bọ́ọ̀dù. Ti òkè máa wà lára ògiri méjì: ògiri tí síńkì wà, àti ògiri tó kọjú sí fèrèsé, níbi tí sítóòfù gáàsì máa wà. Ìlẹ̀kùn mẹ́jọ ni lápapọ̀. Ọkọ mi rí fọ́tò kan lórí fóònù, ilé ìdáná funfun báláú, gbogbo ìlẹ̀kùn òkè ló jẹ́ dígí, iná kéékèèké ń tàn nínú wọn, ife mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n bí ọmọ ilé ìwé tó wà lórí ìlà láàárọ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Ó ti fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí káfíńtà. Káfíńtà ní òun lè ṣe é, àmọ́ owó ìlẹ̀kùn dígí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti pákó méjì. Ọjọ́ Jímọ̀ ló ń retí owó tó fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Èmi ni mo ń dáná nínú ilé náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi lọ́wọ́lọ́wọ́, kí n má purọ́ fún yín. Abọ́ oníke tí wọ́n ń pín lóde ìnáwó, mo kà á lánàá, mọ́kàndínlógójì. Èyí tí wọ́n tẹ fọ́tò bàbá olóògbé kan sí lára wà nínú wọn, bàbá náà ń wò mí láràárọ̀ tí mo bá fẹ́ bu gààrí. Kúlà tí ọwọ́ rẹ̀ ti kán wà níbẹ̀. Ìdérí wà níbẹ̀ tí mi ò mọ ìkòkò tó ni wọ́n. Ìyá ọkọ mi máa ń wá kí wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì ni wọ́n sì fẹ́ràn láti jókòó sí. Ṣé kí wọ́n wá jókòó kí wọ́n máa ka gbogbo ẹrù yìí bí ìwé ìròyìn?

Síbẹ̀, mi ò lè sọ pé mi ò fẹ́ dígí rárá, ìdí sì nìyí. Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ní kọ́bọ́ọ̀dù onídígí kan ní pálọ̀ wọn ní Òkè-Àdó. Kò ní hínjì. Dígí méjì ló ń kọjá lára ara wọn nínú ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ sí pákó, ihò róbótó kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan tí èèyàn máa ti ìka bọ̀ kó tó lè fà á. Tánganran wọn ló wà níbẹ̀: àwo pẹrẹsẹ mẹ́fà aláwọ̀ aró létí, tí wọ́n fi wúrà tín-ín-rín yí ká, pẹ̀lú àwo gbọọrọ kan tó yẹ kí wọ́n máa bu ẹran sí. Mi ò rí ọjọ́ kan tí wọ́n bu ẹran sí i. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti àbúrò mi á kó gbogbo wọn sílẹ̀, a ó fọ̀ wọ́n, a ó nù wọ́n, a ó dá wọn padà síbẹ̀, a ó sì lọ fi abọ́ onírin jẹun lẹ́yìnkùlé. Ọ̀kan nínú wọn ṣán létí ní 1994, ọwọ́ àbúrò mi ló ti ṣẹlẹ̀. Ìyá mi ò nà án. Ṣe ni wọ́n yí ibi tó ṣán náà kọ ògiri kí àlejò má bàa rí i, bó ṣe wà nìyẹn títí wọ́n fi lọ.

Àwọn àwo yẹn ti di tèmi báyìí. Inú páálí ni wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo fẹ́ kí ojú máa rí wọn, mo sì fẹ́ máa fi wọ́n jẹun.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìlẹ̀kùn dígí nílé ìdáná tí wọ́n ti ń se oúnjẹ tiwa gan-an, epo, ata, irú, ẹja yíyan, báwo ló ṣe rí lẹ́yìn ọdún kan? Dígí wo ni kí n ní kí wọ́n lò? Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n ṣe mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, àbí kí n ba ọkọ mi nínú jẹ́?

Àǹtí Gbàgadà

Ìyá Ìbejì, bà á nínú jẹ́.

Mo ṣe mẹ́wàá. Mẹ́wàá o! Oṣù kìíní, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń bi mí ta ni káfíńtà mi. Ní tèmi, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń se ọbẹ̀ ọ̀fadà, ìwọ náà sì mọ èéfín tó máa ń jáde tí èèyàn bá ń yọ́ epo. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, mo fi ìka kọjá lára ìlẹ̀kùn tó sún mọ́ sítóòfù jù, ìka mi lẹ̀ mọ́ ọn bí ìgbà tí ọmọdé fọwọ́ kan ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Epo ló ti fò lọ bà lé e, díẹ̀díẹ̀, tí mi ò rí i. Ká ní pákó ni, á wà níbẹ̀ bákan náà, ojú ò ní rí i. Ọyẹ́ wá dé. Eruku ọyẹ́ bá epo yẹn níbẹ̀, àwọn méjèèjì ṣègbéyàwó. Dígí mi di àwọ̀ tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.

Ìyẹn ò tíì dùn mí tó ti ọmọńlé. Mi ò mọ ibi tó gbà wọnú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní igun, kò rọ́nà jáde, ó kú síbẹ̀, lẹ́yìn páálí tíì. Èmi tí mo ń dáná níbẹ̀ ò rí i. Ọjọ́ tí àwọn ìyá ìjọ wá ṣèpàdé nílé mi ni ìyá kan wọlé wá bu omi mu, wọ́n na ọwọ́ sí dígí, wọ́n ní, "Arábìnrin, kí nìyí?"

Mo ti lọ ra bébà funfun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé ilé ìwẹ̀, mo ti fi bo mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Mo san owó dígí tán, mo tún wá san owó ohun tí mo fi bò ó.

Ọ̀gá Pákó

Ẹ kú ilé ma. Káfíńtà ni mí, ìdí pákó Bódìjà ni mo ti kọ́ṣẹ́, ó ti lé ní ogún ọdún. Mi ò ní sọ pé kí ẹ ṣe é tàbí kí ẹ má ṣe é. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí a kì í sọ fún oníbàárà tí kò bá bi wá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Ẹ bi í pé dígí wo ló fẹ́ lò. Dígí lásán wà, èyí tí wọ́n fi iná sè tí a ń pè ní tempered sì wà. Ojú kan náà ni wọ́n ní. Èyí tí wọ́n sè, wọ́n á kọ́kọ́ gé e tán, wọ́n á lu ihò tó bá yẹ kó ní tán, kí wọ́n tó tì í sínú iná. Tó bá gbóná débi tó fẹ́ máa rọ̀, wọ́n á fi atẹ́gùn tutù fẹ́ ẹ lójijì. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó le, ó máa ń le tó ìlọ́po mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti jáde nínú iná, kò sẹ́ni tó lè gé e mọ́ láyé. Ẹni tó bá dán an wò, gbogbo rẹ̀ á rún wómúwómú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà ma, tí káfíńtà yín bá tẹ́ dígí sílẹ̀ ní kọ́ńpáàǹdì yín, tó fi irin ìgédígí fa ìlà, tó ṣẹ́ ẹ, tó sì wọlé tààrà, dígí lásán nìyẹn, orúkọ yòówù tí ì báà pè é fún yín.

Ẹ má sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Dígí lásán máa ń fọ́ ní ṣóńṣó bí ọ̀bẹ, ó sì máa jábọ́ sórí ẹni tó ń fọ abọ́ nísàlẹ̀. Bákan náà, kì í fara dà á kí apá kan ara rẹ̀ gbóná kí apá kejì tutù; tí oru ìkòkò bá ń lù ú nísàlẹ̀, ó lè dédé là. Èyí tí wọ́n sè máa ń rún bí horo àgbàdo. Ó lè ha èèyàn lọ́wọ́, kò ní gún un.

Ìwúwo náà ńkọ́? Dígí mìlímítà mẹ́rin, tó bá jẹ́ mítà kan níbùú lóròó, kílò mẹ́wàá ni. Ìlẹ̀kùn íǹṣì 16 sí 30 tí a sábà máa ń ṣe, dígí inú rẹ̀ nìkan á sún mọ́ kílò méjì, ká má tíì ka pákó mọ́ ọn. Hínjì inú kọ́bọ́ọ̀dù òde òní, ihò mìlímítà 35 la máa ń gbẹ́ fún un sára ìlẹ̀kùn. Tí férémù yẹn bá jẹ́ MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, tí oru omi gbígbóná sì ń wọ etí rẹ̀ lójoojúmọ́, á wú bí búrẹ́dì tí wọ́n tì bọ tíì, sukúrúù hínjì á tú, ìlẹ̀kùn á máa rọ̀ sísàlẹ̀ lápá kan. Ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kùn tí ẹ rí tó wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun tó ṣe é nìyẹn. Ẹ ní kó fi ọ̀gànwó tó gbẹ dáadáa ṣe férémù, tàbí kó lo férémù alumíníọ̀mù. Ara kọ́bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ lè jẹ́ HDF, èyí tí wọ́n tẹ̀ kó le ju MDF lọ, tàbí marine board, pákó alápapọ̀ tí omi kì í tètè bà jẹ́, ìyẹn ò burú.

Kó má fi ìṣó kan dígí mọ́ inú férémù o. Pákó tín-ín-rín la máa ń fi há a láti inú, a ó sì fi sukúrúù kéékèèké dè é, kí èèyàn lè tú u lọ́jọ́ tó bá fọ́. Kó sì fi àyè bíi mìlímítà méjì sílẹ̀ yí dígí náà ká. Pákó máa ń wú nígbà òjò, á sì tún fún nígbà ọyẹ́. Dígí ò mọ òjò, kò mọ ọyẹ́. Tí pákó bá fún mọ́ ọn, àfi kó là.

Nǹkan kan tún wà tí ó máa ń dun àwọn oníbàárà tí iṣẹ́ bá parí tán. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ìlẹ̀kùn pákó bò, a kì í ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ta ló fẹ́ rí i? Ti onídígí, inú rẹ̀ ni ojú rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ṣáájú kí wọ́n tó gé pákó pé àwọ̀ tó wà níta náà ni ẹ fẹ́ nínú. Tí férémù bá sì ní ọ̀pá tó pín dígí sí ìpín mẹ́ta, kí pẹpẹ inú bá ọ̀pá náà ṣe déédéé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa rí ìlà mẹ́rin níbi tó yẹ kí ẹ rí méjì, ojú á kàn máa dùn yín ṣáá, ẹ ò ní mọ ohun tó fà á.

Ẹ wọn àwo ìyá yín kí ẹ tó san owó. Kọ́bọ́ọ̀dù òkè kì í sábà jìn ju íǹṣì 12 lọ.

Alàgbà Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà ọkọ, torí mo rí i pé kò sí ọkùnrin kankan níbí yàtọ̀ sí Ọ̀gá Pákó, òun náà sì ń dọ́gbọ́n sá.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi dígí sí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná wa, mi ò béèrè ibi tí ṣúgà wà mọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń béèrè ibi tí ṣúgà wà nínú ilé tí mo fi owó mi kọ́. Màá ṣí ti àkọ́kọ́, ìkòkò. Màá ṣí èkejì, ọṣẹ. Ìyàwó mi á pariwo láti yàrá pé, "Ẹ máa gbá ìlẹ̀kùn mi!" Báyìí, màá kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá wo òkè, màá rí i. Ìyẹn náà kì í ṣe nǹkan kékeré, ẹ̀yin obìnrin.

Àǹtí Gbàgadà

Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ń nu dígí ọ̀hún?

Alàgbà Òṣogbo

Ọmọ ọ̀dọ̀ wà.

Àǹtí Gbàgadà

Ìdáhùn ti jáde.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àjọṣe o. Peckham ni mo wà, ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ́bọ́ọ̀dù onídígí sì pọ̀ níbí bí nǹkan mìíràn. Méjì péré ni mo ní nínú tèmi, mo sì fẹ́ràn wọn. Ohun méjì ni mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Pákó, torí gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló rí bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá bẹ̀rù abọ́ òde, ẹ ò ní láti lo dígí tó mọ́ gaara. Dígí onílà wà, èyí tí ara rẹ̀ rí bí síkẹ́ẹ̀tì onípílíìtì, ìlà gbọọrọ gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òun ló wà lára tèmi. Ìmọ́lẹ̀ ń kọjá nínú rẹ̀, àwọ̀ ń kọjá, àmọ́ gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń gé wẹ́wẹ́. Ẹ ó mọ̀ pé ife wà níbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé ife wo. Bàbá olóògbé á di ìlà bíi méjìlá. (Ẹ forí jì mí, kí Ọlọ́run má bínú.) Ibi tí ó ti ní àbùkù ni pé inú àwọn ìlà yẹn ni epo máa ń sá sí, ó le nù ju èyí tó dán lọ. Tí ìlà bá wà lójú kan ṣoṣo, ẹ ní kí wọ́n kọ ojú tó ní ìlà sí inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí èyí tó dán wà níta lọ́dọ̀ yín.

Èkejì: ẹ wo igun dígí. Èyí tí wọ́n sè dáadáa tí wọ́n sì ṣe fún tità níbí máa ń ní òǹtẹ̀ kékeré kan ní igun, èèyàn ò lè fi èékánná họ ọ́ kúrò, EN 12150, nọ́ńbà ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún dígí tí wọ́n sè, ló máa ń wà nínú ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mi ò sọ pé èyí tí kò ní in ò dára o. Àmọ́ tó bá wà níbẹ̀, ọkàn èèyàn á balẹ̀.

Ẹ̀yin sì sọ pé ògiri kan kọjú sí fèrèsé. Ẹ má fi dígí síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nílé tí mo ti kúrò. Tó bá ti di aago mẹ́wàá àárọ̀, fèrèsé ni mo máa ń rí nínú ìlẹ̀kùn, pẹ̀lú aṣọ aládùúgbò mi tó ń fẹ́ lórí okùn. Àwa kúkú ni a pe nǹkan méjèèjì ní orúkọ kan, dígí tí a fi ń wo inú àti dígí tí a fi ń wo ojú. Tó bá ti kọjú sí ìmọ́lẹ̀, ojú ara rẹ lo máa rí.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti rẹ́rìn-ín títí, àwọn ìbejì ń bi mí kí ló dé.

Mo fa páálí yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ àná, mo mú téèpù. Àwo pẹrẹsẹ, íǹṣì 10 àti ààbọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìyẹn á wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù íǹṣì 12 tí wọn ò bá fi pákó tó nípọn dí ẹ̀yìn rẹ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá? Ṣùgbọ́n àwo gbọọrọ tí wọ́n ń bu ẹran sí, íǹṣì 16 ni. Kò lè wọlé ní ìnaró, mo fẹ́ tẹ́ ẹ sí ìbú. Mo wá wo ìwé tí káfíńtà yà. Kọ́bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, íǹṣì 16 níta, ìlẹ̀kùn kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣírò rẹ̀ pé bó ṣe jẹ́ íǹṣì 16 náà nìyẹn, á wọlé.

Ọ̀gá Pákó

Kò ní wọlé ma. Íǹṣì 16 yẹn, ìta ni. Ẹ yọ pákó ọ̀tún àti ti òsì kúrò, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú yín ku 14 àti ààbọ̀. Àwo ìyá yín á dúró síta bí àlejò tí wọn ò ṣílẹ̀kùn fún.

Ẹ ní kó so méjì pọ̀, kí wọ́n di kọ́bọ́ọ̀dù kan íǹṣì 32 tó ní ìlẹ̀kùn méjì tó ń pàdé láàárín, kó má sí pákó kankan láàárín wọn nínú. Inú á jẹ́ 30 àti ààbọ̀. Ẹ ó tẹ́ àwo gbọọrọ sí ìsàlẹ̀, àyè á tún ṣẹ́ kù fún àwo pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ́ kí pẹpẹ rẹ̀ má jẹ́ pákó fẹ́lẹ́. Tánganran wúwo, pẹpẹ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò bá nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, á tẹ̀ láàárín bí ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kó tó pé ọdún méjì.

Ti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ni, kó fi pákó fẹ́lẹ́ dí i, á gba àwo íǹṣì 10 àti ààbọ̀ dáadáa.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Tí ọkọ yín bá fi dandan lé e pé iná gbọ́dọ̀ tàn nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí pẹpẹ jẹ́ dígí tó nípọn, tàbí kí ẹ fi iná sábẹ́ pẹpẹ kọ̀ọ̀kan. Iná kan ṣoṣo lókè, tí pẹpẹ bá jẹ́ pákó, àwo òkè nìkan ló máa rí ìmọ́lẹ̀, àwọn tó kù á wà nínú òkùnkùn. Mo fura pé pẹpẹ inú fọ́tò tí ọkọ yín ń gbé kiri, dígí ni.

Àǹtí Gbàgadà

Ìyá Ìbejì, mo rí i pé ọkàn rẹ ti lọ síbẹ̀, mi ò ní dí ọ lọ́nà. Tó bá jẹ́ méjì péré ni, tó sì jìnnà sí sítóòfù, èmi náà ì bá ṣe é. Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń nù ún, torí mo ti jìyà kí n tó mọ̀ ọ́n. Má fi aṣọ gbígbẹ nu eruku lórí epo, ṣe ni wàá kàn tàn án ká. Omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ fi nù ún, kí o jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kó lè tú epo. Lẹ́yìn náà, omi tó mọ́. Lẹ́yìn náà, ìwé ìròyìn àtijọ́ tí o ti rún mọ́ra, kí o fi nù ún títí á fi máa dún kín-ín kín-ín. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Tí o bá jẹ́ kó pé oṣù kan, wàá fi gbogbo ọ̀sán Sátidé san án.

Kí wọ́n sì fi rọ́bà tín-ín-rín sí etí ibi tí ìlẹ̀kùn méjèèjì ti ń pàdé. Ọmọńlé ò nílò àyè púpọ̀.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn fún yín bó ṣe lọ.

Mo pe káfíńtà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo kí i dáadáa, mo béèrè ìyàwó àtọmọ. Mo wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa gé dígí yìí?" Ó ní, "Èmi ni ma, kọ́ńpáàǹdì yín náà ni màá ti gé e, kí ó lè bá a mu wẹ́kú." Mo ní, "Ṣé tempered ni?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni ma, ojúlówó." Mo dákẹ́. Òun náà dákẹ́. Mo ní, "Ẹ máa gé tempered?" Ẹ ò gbọ́ bó ṣe rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ma, ta ló ń kọ́ yín níṣẹ́ wa?" Mi ò dárúkọ yín, Ọ̀gá Pákó.

A jọ fẹnu kò pé òun á wọn férémù lẹ́yìn tó bá kàn án tán, á wá fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sí àwọn tó ń sè é, wọ́n á gé e, wọ́n á sè é, wọ́n á gbé e wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ló dá. Owó rẹ̀ lé díẹ̀ sí i, àmọ́ ìlẹ̀kùn ti dín láti mẹ́jọ sí méjì, a ṣì jèrè. Òkè síńkì ló máa wà, ní ìparí ògiri tó jìnnà sí sítóòfù jù. Férémù ọ̀gànwó. Dígí tó mọ́ gaara, torí àwo ìyá mi ni mo fẹ́ rí, mi ò fẹ́ kí ó di ìlà méjìlá. Ìlẹ̀kùn mẹ́fà tó kù, pákó, wọ́n á sì kùn wọ́n ní funfun.

Ọkọ mi kọ́kọ́ bínú. Ó ní mo ti fi àwo bàǹtà-banta kan ba fọ́tò òun jẹ́. Mo ní iná lè wà nínú rẹ̀, lábẹ́ pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Mo wá fi kún un pé òun ni á máa nu dígí náà lọ́sẹ̀ méjì-méjì, omi gbígbóná, ọṣẹ, ìwé ìròyìn. Kò tíì fèsì sí ìyẹn.

Mi ò dá àwọn àwo náà padà sínú páálí. Èyí tó ṣán létí ni mo fi bu ẹ̀wà láàárọ̀ yìí. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù, mo ní kó wo ohun tí mo fi ń jẹun, mo yí ibi tó ṣán kọjú sí i. Ó pariwo.

Ó ku ẹyọ kan. Mọ́kàndínlógójì abọ́ òde ló wà nílẹ̀, ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn tó fẹ́, kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi kó wá gbé e. Mo ní mọ́kàndínlógójì, àmọ́ méjìdínlógójì ni o. Mo fẹ́ kó ti bàbá olóògbé mọ́ ọn, ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni.